Ẹfun Ọjọ́ Mẹ́ta

Títí di òní, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù tí oòrùn ti yan láti àárọ̀, mo máa ń dìde kúrò nínú yàrá lọ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ mi rò pé ariwo òjò ni n kò fẹ́. Kì í ṣe ariwo. Ìró kékeré tó máa ń ṣáájú rẹ̀ ni, nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ohun gbígbóná pàdé, ṣíì, ṣíì, kó tó di pé òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìró yẹn ni mo fi jẹun ní Sakété fún ọdún mélòó kan. N kò lè jókòó gbọ́ ọ mọ́.

Ọmọ Pobẹ̀ ni mí. Sakété ni mo relé ọkọ, ní nǹkan bí ọdún kejì tàbí ìkẹta tí a gba òmìnira, nígbà tí àsíá iwájú biró ìjọba ṣì ń dán, tí àwọn olùkọ́ sì ń fi orin orílẹ̀-èdè tuntun da àwọn ọmọ láàmú láràárọ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní gáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, ó ń gbé ẹrù sókè, ó ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì sí ohun tó kàn án nínú ọ̀rọ̀ yìí ju pé òun ló máa ń bá wa gbé àpò ìkarahun délé.

Ìyá ọkọ mi ló ni iṣẹ́ náà. Ilé oníṣòwò ni wọ́n ti bí i, Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń ta aṣọ, wọ́n ń ta iyọ̀, wọ́n ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ọjà tí ojú ń rí tí ọkàn ń fẹ́. Òun ń kó ohun tí àwọn èèyàn dà nù. Létí ọ̀sà Àjàṣẹ́, àwọn obìnrin máa ń se ẹran inú ìkarahun, wọ́n á yọ ẹran náà tà, wọ́n á sì da ìkarahun rẹ̀ jọ sẹ́yìn ilé títí á fi ga ju èèyàn lọ. Ó ń rùn, eṣinṣin bò ó, inú wọn sì máa ń dùn bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ kó o kúrò níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi á kó o sínú àpò, ọkọ̀ ojú irin tó ti gbé epo àti èkùrọ́ lọ á sì gbé e bọ̀ wá bá wa. Àwọn ará gáà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní òun nìkan ni wọ́n mọ̀ tó ń ra ilé lẹ́yìn tí onílé ti kó jáde. Á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n rọra gbé ilé òun.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìkánjú. A ó fọ ìkarahun, a ó sá a sóòrùn títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. A ní kòtò kan lẹ́yìn ilé tí a gbẹ́ yíká bí ìkòkò sínú ilẹ̀ pupa. A ó to igi sísàlẹ̀ rẹ̀, a ó da èésan lé igi, ìyẹn èèpo líle tó máa ń kù bí wọ́n bá ti pa èkùrọ́ tán, a ó da ìkarahun lé èésan, a ó tún da èésan lé ìkarahun, títí dé òkè. A ó tanná sí i ní kùtùkùtù, á jó títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá di ọjọ́ kejì tó tutù, a ó kó ìkarahun jáde. Kì í yí ìrísí padà, ìyẹn ló máa ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ìkarahun náà ni, pẹ̀lú gbogbo ìlà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n á ti fúyẹ́, á sì funfun báláú. A ó wá wọ́n omi sí i. Á kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ṣíì, ṣíì, á là, á wú, èéfín á yọ lára rẹ̀ láìsí iná kankan, á sì wó lulẹ̀ di ìyẹ̀fun. Ẹfun nìyẹn.

Nígbà yẹn, gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ ẹfun. Òun ni wọ́n fi ń kun ògiri pupa kó lè di funfun. Wọ́n fi kun mọ́sálásí, wọ́n fi kun ilé ìwé, wọ́n fi kun òkúta tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà biró ìjọba nígbà tí àwọn ẹni ńlá bá ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ Takọn ń rà á dà yí ìdí àká wọn ká nítorí kòkòrò. A kì í ní ìsinmi.

Síbẹ̀, ìyá ọkọ mi kì í tà á lọ́jọ́ tó bá di ìyẹ̀fun. Ó ní ìkòkò ńlá mẹ́ta tó rì mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, inú wọn ló máa ń da ẹfun sí pẹ̀lú omi fún ọjọ́ méje gbáko, á máa fi igi rò ó láràárọ̀. Ó ní àwọn ìkarahun kan wà tí iná ti jẹ jù, tí wọ́n ti le, tí wọn kì í tètè gbọ́ omi. Wàá rò pé iṣẹ́ ti parí lára wọn. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ọjọ́ kárùn-ún ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nídìí iṣẹ́ náà nìyẹn: èyí tí omi kò tíì wọ̀ dénú ṣì wà láàyè, èyí tó ti mu omi yó ti kú. Òkú ẹfun nìkan ni ìyá ọkọ mi ń tà. Alààyè kì í jáde nílé rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, kò jẹ́ kí omi tán nínú agbada ńlá kan rí, nítorí ojú àti ọwọ́ wa, ó sì máa ń sọ fún mi pé bí ẹfun bá ta sí mi lójú, kí n ri orí mi sínú omi náà, kí n má ṣe fi ìka nù ún.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Pobẹ̀. Dàda ni mo ń pè é, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú; ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti sùn, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti jẹun, òun ló sì rán aṣọ tí mo wọ̀ relé ọkọ. Aránṣọ ni. Ó wà nínú ìjọ aláṣọ funfun tó ti Àjàṣẹ́ wá, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà, òun ló sì ń rán sùtánà fún ìdajì ìjọ wọn ní Pobẹ̀. Èmi kò sí nínú ìjọ náà. Mo ti wà nílé Mùsùlùmí, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Dàda bí. Èéyi pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó, á dìde nígbà tí àwọn yòókù bá dìde, ṣùgbọ́n kì í kọrin. Ó lé lọ́dún kan tí n kò rí eyín rẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé òun kò bẹ Ọlọ́run fún ọmọ mìíràn. Ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀ ẹ́ fún.

“Kó ṣáà jẹ́ kí n mọ̀ pé ó rí mi,” ó ní. “Kódà bí kò bá ní í ṣe nǹkan kan sí i.”

Ní ọdún kejì ikú ọmọ náà, ìjọ wọn parí ilé àdúrà kékeré kan, alámọ̀, tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà Towé. Wọ́n fẹ́ ṣe ìkórè àkọ́kọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, olùṣọ́ àgbà kan sì ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Ní ọjọ́rú tó ṣáájú, Dàda wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Sakété. Ó ní òun ti ṣèlérí ẹfun fún wọn, pé àbúrò òun ló ń ṣe é. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ilé náà ṣe máa rí bó bá funfun. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, n kò rí i kó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ohunkóhun.

Ìyá ọkọ mi kò sí nílé. Ó ti lọ sí Takọn fún ìsìnkú ẹbí kan, kò ní í dé títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Àwọn ìkòkò mẹ́ta náà ṣófo, ilé ìwé ti kó gbogbo èyí tó wà nínú wọn lọ. Ohun tó yẹ kí n sọ fún Dàda ni pé kí wọ́n kun ilé wọn lẹ́yìn ìkórè. Ògiri pupa kò pa ẹnikẹ́ni rí. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì ní kó máa lọ, pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta màá gbé e wá.

Mo tanná sí kòtò lọ́jọ́rú náà gan-an. Nítorí pé mo ń kánjú, mo da èésan sí i ní ìlọ́po méjì, iná náà sì ké bí èyí tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tí mo kó ìkarahun jáde lọ́jọ́ kejì tí mo wọ́n omi sí i, díẹ̀ ló wó. Àwọn yòókù le gbagidi, omi ń ṣàn lára wọn bí ẹni pé kò kàn wọ́n. Ìyá ọkọ mi ìbá ti da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, kó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Èmi gbé odó. Mo gún un, mo fi ajọ̀ tí ojú rẹ̀ tóbi jọ̀ ọ́, mo sì sọ fún ara mi pé bó bá ti di lẹ́búlẹ́bú, ó ti di ẹfun nìyẹn. Ògiri ṣáà ni wọ́n fẹ́ fi kùn. Ohun tó burú jù tó lè ṣe lára ògiri ni kó máa ṣí wẹ́wẹ́. Òótọ́ ni èyí. Òótọ́ náà ni mo fi tan ara mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé àpò méjì lọ sí Pobẹ̀. Dàda àti àwọn ọkùnrin méjì ń dúró dè mí ní gáà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n pò ó lómi dáadáa kí wọ́n tó fi kun ògiri, kí wọ́n sì ṣọ́ ojú wọn. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ kí àwọn ará ilé bàbá wa, ibẹ̀ ni mo sì sùn.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àpò kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n kun ògiri tán. Dàda ló sọ pé kí wọ́n dà á sílẹ̀. Kì í ṣe àṣà ìjọ wọn. Ọgbọ́n aránṣọ ló lò. Ilẹ̀ pupa ń ba ìsàlẹ̀ sùtánà jẹ́, kì í sì í lọ bọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Wọ́n da ẹfun náà sílẹ̀ ní gbígbẹ, wọ́n fi igi lù ú mọ́lẹ̀ títí ó fi dán. Níwájú, lápá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ilẹ̀ jìn díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbọn ìdí àpò sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo pẹ́ kí n tó dé. Mo wọ bàtà, nítorí náà mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo kọ́kọ́ rí ògiri, ó funfun débi pé mo ní láti fojú wẹ́wẹ́ wò ó. Lẹ́yìn náà mo wo ilẹ̀, mo sì rí gbogbo wọn, ọkùnrin àti obìnrin, ẹsẹ̀ lásán lórí ẹfun ọjọ́ mẹ́ta tí mo gún. Ọkùnrin kan ti ń lọ láti igun dé igun pẹ̀lú omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí, ó ń wọ́n ọn sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Omi náà pọ̀ nítorí pé ọjọ́ ńlá ni. Mo gbọ́ ìró yẹn. Ó kéré, orin ti ń bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo ti máa gbọ́ ọ tí n kò ní í dá a mọ̀.

Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n foríbalẹ̀, iwájú orí wọn kan ilẹ̀. Kò pẹ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn fi sọ pé ilẹ̀ ń móoru. Èéfín tín-ín-rín kan ń jáde níwájú, lápá ibi tó jìn, ó ń gùn lára ògiri funfun náà lọ sókè. Olùṣọ́ àgbà rí i. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ mọ́, n kò rò pé ó parọ́ rí láyé rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Ẹ má dìde,” ó ní. “Ó ti wọlé. Ẹ má dìde.”

Wọ́n bú sórin. Dàda wà níwájú pátápátá, nínú ibi tó jìn náà, èéfín ń yí i ká. Ó gbé orí sókè, mo sì rí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń kọrin. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó ti funfun nù ún.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ. Mo ní láti pariwo pé kí wọ́n jáde, pé ẹfun ni. Ẹsẹ orin mẹ́rin ni wọ́n kọ kí ọmọ kékeré kan tó ké pé ẹsẹ̀ ń ta òun, tí àwọn ìyá fi dìde. Mo ka ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ló ń tì mí, mo ń ro ohun tí wọ́n máa sọ sí Dàda nípa àbúrò tó fi ń yangàn. Lẹ́yìn náà kì í ṣe ojú títì mọ́. Ojú Dàda ni. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, màá pa ẹ̀rín yẹn, èmi tí mo ti wá a fún ọdún kan àti ààbọ̀. Nítorí náà mo dúró pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ mi, mo sì ń wò ó bó ṣe tún foríbalẹ̀, tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ bí ẹni sùn sáyà ìyá rẹ̀, tó la ojú sílẹ̀.

Nígbà tí mo fi sáré dé kànga tí mo sì gbé garawa omi dé, wọ́n ti gbé e jókòó. Wọ́n ń fi omi àdúrà kán ojú òsì rẹ̀ ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Mo da garawa náà lé e lórí, wọ́n sì rò pé mo ya wèrè. Ó ti pẹ́ jù. Ẹsẹ̀ àwọn yòókù bó, orúnkún wọn bó, ó sì san láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú òsì Dàda di funfun.

Mo rántí pé nígbà tí a ń gbé e lọ sí lópítà, gbogbo ìjọ tẹ̀ lé wa lórí ilẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ wọn sì ń tẹ ẹfun sílẹ̀ jálẹ̀ ojú ọ̀nà. Òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Jálẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ẹsẹ̀ funfun wà lójú ọ̀nà Towé, gbogbo rẹ̀ kọjú sí ibì kan náà.

Ní lópítà, olùtọ́jú bi wá pé kí ló wọ ojú rẹ̀. Dàda dáhùn pé Ẹ̀mí ni, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni dárúkọ àlejò tó wá kí i. Ọkùnrin náà wò mí. Mo ti lọ ilé ìwé fún ọdún mẹ́rin, Dàda ló rán mi lọ. Mo sọ fún un ní Faransé pé ẹfun tí kò tíì kú ni, kí Dàda má baà gbọ́. Ìwé tó fi owó ìránṣọ rà fún mi ni mo fi bò ó lójú.

Ìyá ọkọ mi dé láti Takọn. Ó rí odó tó funfun, ó rí àwọn ìkòkò tó ṣófo, kò sì pẹ́ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Òun nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì a jọ lọ sí Pobẹ̀. Dàda ròyìn ọjọ́ náà fún un pẹ̀lú ojú kan tó ṣẹ́ kù, bí ilẹ̀ ṣe gbóná, bí èéfín ṣe jáde, bí òun ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run ti rí òun. Ìyá ọkọ mi yí ojú sí mi, ó sì dúró dè mí. Ó dúró pẹ́. Nígbà tó rí i pé n kò ní í sọ̀rọ̀, ó kí Dàda pẹ̀lẹ́, ó sì dìde.

A wọ ọkọ̀ padà sí Sakété. Nílé, ó gba igi tí a fi ń ro ẹfun lọ́wọ́ mi.

“Iná ni, ìyàwó,” ó ní. “Iná ni, o sì mọ̀ pé iná ni.”

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n sún mọ́ kòtò mọ́. Bí mo bá gba ẹ̀yìn ilé kọjá nígbà tó ń ṣiṣẹ́, á ní kí n yẹra, láìgbé ojú sókè. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹun lọ́wọ́ mi, ó ń gbé àwọn ọmọ mi pọ̀n, ó ń bá mi ṣeré bí ìyá ọkọ rere ti ń ṣe, ṣùgbọ́n nídìí ẹfun kò dárí jì mí. Ọgbẹ́ ló jẹ́ fún mi nígbà náà. Mo máa ń sunkún sí ilé ìdáná, mo sì máa ń rò pé ó le jù.

Dàda ń ránṣọ lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ sì pọ̀ lára sùtánà. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a. Màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá fi òwú bọ ogún abẹ́rẹ́, màá sì gún wọn mọ́ aṣọ kan ní ìlà kí ó lè rí wọn lò títí ọ̀sẹ̀ á fi yípo. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kò bá mi sọ ti ọjọ́ náà. Bí àlejò bá wà níbẹ̀, á nawọ́ sí mi: àbúrò mi wà níbẹ̀, ẹ bi í. Wọ́n á bi mí. Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, èéfín jáde. Gbogbo ohun tí mo ń sọ ló jẹ́ òótọ́. Orin rẹ̀ ti padà, oúnjẹ ń wọ̀ ọ́ lára, ó ti ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ láìsunkún. Mo ń wo ojú funfun yẹn pẹ̀lú ojú tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi sì ń bà mí.

Ìyá ọkọ mi kú nígbà ọyẹ́. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo wà lọ́dọ̀ Dàda, mo ti fi òwú bọ abẹ́rẹ́ bí méje. Mo gbé aṣọ náà sílẹ̀. Mo sọ fún un. Mo sọ ti èésan tó pọ̀ jù, ti odó, ti ọjọ́ méje tó yẹ kó jẹ́. Mo sọ fún un pé mo gbọ́ ìró náà láti ẹnu ọ̀nà, mo sì ka ẹsẹ orin mẹ́rin. Mo ní òun lè lé mi jáde.

Dàda fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi.

“Ta ló ní kó o gbé e wá?” ó bi mí.

“Ẹ̀yin ni, Dàda.”

“Èmi kọ́. Ẹfun tó dáa ni mo ní kó o gbé wá. Ta ló ní kó jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta?”

Mo ní kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, pé ìkánjú mi ni. Ó mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín mi bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré tí n kò mọ ìṣirò tó rọrùn. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn, òun kò kàn mọ̀ pé ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà wọlé ni mo ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé ojú rẹ̀ ni mo bà jẹ́, ojú rẹ̀, pé kó bínú sí mi. Ó ní kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́ kejì.

Mo lọ. Inú tó ń bí mi ló gbé mi lọ, mo rò pé ó kéré tán ẹnìkan nínú gbogbo èèyàn yẹn á gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Mo bọ́ bàtà, mo sì wọ ilé náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ti fi simá tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ nígbà yẹn. Mo dúró níwájú wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, n kò sì jẹ́ kí ohùn mi rẹlẹ̀. Mo ní iná ni, kì í ṣe Ọlọ́run. Mo ní mo mọ̀ pé iná ni, mo sì dákẹ́. Àwọn tí orúnkún wọn bó lọ́jọ́ náà jókòó síwájú mi, mo dá àwọn kan mọ̀.

Ìyá àgbà kan lẹ́yìn sọ pé, “Ògo,” ẹlòmíràn gbà á, wọ́n sì bú sórin, orin ọjọ́ náà gan-an. Dàda ń kọrin jù wọ́n lọ. Mo dúró láàárín wọn, mo ń ronú kan obìnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ní Sakété, ẹni kan ṣoṣo láyé tó bínú sí mi. Mo ti rò pé ó le sí mi. N kò mọ̀ pé òun ló ń bá mi gbé ẹ̀bi náà.

Ìyàwó kékeré kan jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó sì na ọmọ rẹ̀ sí mi pé kí n fọwọ́ kàn án lórí. Ọmọ náà á tó oṣù mẹ́ta. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi kò mọ́, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Orí gbogbo wọn ń mì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.